Ohun Tí A Bá Lábẹ́ Òkúta Half Die

Ọdún tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta náà kò tíì dé, kò sì ní dé lójú ẹnikẹ́ni tó wà láyé lónìí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi omi nù ún kí ó lè mọ́, mo fi ìka tọ ojú rẹ̀: márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà nọ́ńbà méjì tí iyọ̀ òkun ti jẹ. Ọdún tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún! Ara mi bù máṣọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bí ẹni pé èmi ni mo jí nǹkan.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà ní ilé-ìwé kan ní Banjul, tí gbogbo ènìyàn ṣì ń pè ní Bathurst. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n òkúta ni mo fẹ́ràn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ìwé àtijọ́ ni mo máa ń rà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílé, mo sì ń fi tépù wá ìyókù fúnra mi. Kò sí ọ̀wọ̀n ìrántí kan ní ìlú náà, kò sí kànga ìrántí, kò sí sàréè ọlọ́lá kan tí n kò tíì wọ̀n. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Tíṣà Onítépù lẹ́yìn. Mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́.

Ọ̀wọ̀n tó ni òkúta tí mò ń wí yìí ló gbajúmọ̀ jù. Half Die ló wà, àdúgbò tó rẹlẹ̀ jù ní ìlú, lẹ́bàá odò. Àrùn onígbáméjì ló fún àdúgbò náà lórúkọ, nígbà tí wọ́n ní ó pa àwọn ará ibẹ̀ tó ìdajì. Ìrántí àwọn tó kú yẹn ni ọ̀wọ̀n náà. Ẹni tó bá ti ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ rí, àwòrán rẹ̀ sì wà lára káàdì tí wọ́n ń tà fún àwọn àlejò. Òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó nípọn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ìnṣì mẹ́rin. Mo ti wọ̀n ọ́n láìmọye ìgbà láìrí ọdún yẹn, nítorí pé iyanrìn ló bò ó. Àgbàrá òjò tó kọjá ló gbá iyanrìn náà lọ.

Lókè ọdún náà ni àmì kékeré kan wà: irin onígun tí káfíńtà fi ń wọn igun, pẹ̀lú kọ́ńpáàsì tí wọ́n fi ń ya òbìrìkìtì, tó la ẹsẹ̀ lé e lórí. Igun òkúta tó kọjú sí àárín àríwá àti ìlà oòrùn ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Mo sáré délé, mo ṣí ìwé, ọkàn mi ń lù. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́ọ̀jì kì í ka ọdún bí tiwa. Láti ìgbà tí wọ́n gbà pé ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ wọ ayé ni wọ́n ti ń kà á, nítorí náà wọ́n máa ń fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lé ọdún tiwa. Igun yẹn gan-an ni wọ́n sì máa ń fi òkúta àkọ́kọ́ sí. Wọ́n á da ọkà lé e lórí, wọ́n á da wáìnì, wọ́n á da òróró, wọ́n á fi owó fàdákà kan sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀wọ̀n tí àwọn àlùfáà ti dúró gbàdúrà níwájú rẹ̀, tí àwa olùkọ́ ń kó ọmọ ilé-ìwé lọ kọrin níbẹ̀, ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ ló gbé e dúró!

Ìyá onílé mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Akú ni ìyá náà, ìyẹn àwọn ìdílé àtijọ́ ìlú náà tí àwọn baba ńlá wọn gba Sàró wá, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ṣẹ̀ láti ilẹ̀ wa. Èdè Akú kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa fọ́n ká inú rẹ̀. "Kúṣẹ́" ni wọ́n fi ń kí ara wọn, ìbáà jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń kí ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé ó nà gbalaja. Èdè náà ti yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu nígbà náà, nítorí náà ní èdè tiwa ni mo ń kọ ohun tó sọ.

"Kúṣẹ́, Tíṣà," ló wí. Ó ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ. "Kí ló ń lé ọ?"

"Mààmá, lọ́ọ̀jì ló kọ́ ọ̀wọ̀n Half Die!"

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó máa ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun kọjá níbí lọ́jọ́ ìpàdé wọn, ṣé ìgbéyàwó lo rò pé ó ń lọ?"

"Ẹ ti mọ̀?"

"Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ìwọ nìkan lo ní láti kàwé kí o tó mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi ń dà nù. "Ṣùgbọ́n má pariwo rẹ̀ káàkiri. Àwọn ọkùnrin wa fẹ́ràn kí á máa ṣe bí ẹni pé a ò rí wọn."

Láàárín ìgbà yẹn ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba iṣẹ́ ọ̀wọ̀n náà. Bíríkìlà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí àkókò ìrun kọjá lórí òun. Gánà ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ìjọba ibẹ̀ tó ní kí àwọn àjèjì máa lọ. Ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní Kùmásì, ó tì í, ó fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́, kò tún fojú rí i mọ́. Ó wá bá mi ní Banjul pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ wọn, àti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kéékèèké ló ń ṣe títí káńsù fi ní àwọn fẹ́ la gọ́tà ńlá kan tí yóò máa gbé omi òjò kúrò ní Half Die lọ sínú odò. Ọ̀wọ̀n náà wà lójú ọ̀nà gọ́tà. Wọ́n ní kí ó tú u ní òkúta kọ̀ọ̀kan, kí ó sún un sẹ́yìn, kí ó tún un tò bó ṣe wà. Bí iṣẹ́ yẹn bá dára, àwọn ilé ìtura tí wọ́n ń gbèrò láti kọ́ sí Kotu àti Cape Point létí òkun ń bẹ níwájú. Bí ó bá bàjẹ́, wọn yóò rántí pé àjèjì ni.

"Àbúrò," ló wí fún mi lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́ náà, "n kò tún lè kó ẹrù mọ́. Níbí ni kí wọ́n sin mí sí."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa gbé òkúta ìpìlẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí owó fàdákà lọ́ọ̀jì. Ọjọ́ Sátidé kan ni. Àwọn lébìrà ti tú òkè ọ̀wọ̀n náà tán, wọ́n ti fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára òkúta kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti irin bọ abẹ́ ti ìsàlẹ̀, wọ́n jùmọ̀ ké, òkúta náà gbéra. Owó fàdákà wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú ojú kékeré tí wọ́n gbẹ́ sínú símẹ́ńtì, tí kò fẹ̀ ju ẹnu ife lọ. Mo ké fún ayọ̀. Mo ti na ọwọ́ sí i kí n tó rí i pé símẹ́ńtì náà ti sán, apá kan rẹ̀ ti jìn wọlé, pé ihò mìíràn wà nínú ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, àti pé eegun ló kún inú ihò náà.

Eegun kéékèèké. Egungun ìhà wà níbẹ̀, itan wà níbẹ̀, àwọ̀ wọn ti dà bíi ti ewé gbígbẹ. Láàárín wọn ni abọ́ funfun kan wà tí etí rẹ̀ ní ilà búlúù, ó ti là sí méjì, pẹ̀lú owó ẹyọ mélòó kan. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú kan tó ń mu àtáyà, tíì wọn tó korò yẹn, lábẹ́ igi ìtòsí ló dìde wá yọjú wò, ó sì ká ọwọ́ lérí.

"Ọmọ ni! Ọmọ ènìyàn ni wọ́n rì síbẹ̀!"

Àwọn lébìrà ju irin sílẹ̀, wọ́n sá lọ. Kí n tó mí, ibẹ̀ ti kún. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò sá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú eegun kan, ó yí i po lọ́wọ́.

"Ewúrẹ́ ni," ló wí. "Èmi tí mò ń pa ẹran ní gbogbo Iléyá. Ẹ wo oríkèé rẹ̀. Ti ènìyàn kò rí báyìí."

"Ìwọ lo máa mọ̀ ọ́n!" ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi Wolof, èdè ìgboro ibẹ̀, dá a lóhùn. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń fi orí ènìyàn ṣe owó nílùú yín?"

"Òkúta yìí ti wà níbí kí wọ́n tó bí bàbá mi!"

"Ẹ gbọ́ ọ! Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n rì í!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó ń mú ìkúùkù lẹ́yìn. Mo bọ́ sáàárín wọn, mo ń ṣàlàyé ọkà àti wáìnì àti òróró. Obìnrin kan tì mí láyà. Ó ní kí n panu mọ́, èdè kan náà ni àwa méjèèjì ń sọ. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n ta tápólì bo ihò náà. Ọ̀gá kan láti káńsù ní títí wọn yóò fi mọ ẹni tó ni ohun tó wà níbẹ̀, kí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi má fọwọ́ kan òkúta kankan, àti pé bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, wọn yóò wá ẹlòmíràn sí iṣẹ́ náà.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti ń sọ lọ́jà pé bíríkìlà náà ti yọ orí ọmọ náà pamọ́. Wọ́n ń sọ òkò sórí páànù ilé rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Aṣọ àwọn ọmọ ló ń ká. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ká a tí gbogbo rẹ̀ fi ń gba inú àpótí kan. Ohun tí mo rí yẹn dẹ́rù bà mí ju eegun lọ.

Ọkọ rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń tẹ́tí sí òkò. "Àwọn ti Gánà tiẹ̀ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, bí ìsìn ṣe parí, mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá onílé mi, olórí lọ́ọ̀jì tó ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ le bíi pákó. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ohun tí àwọn Akú kì í ṣe. Ó wò mí bí ẹni pé mo ṣubú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni lọ́ọ̀jì fi sábẹ́ òkúta Half Die?"

"Ta ló sọ fún ọ pé lọ́ọ̀jì fi nǹkan sábẹ́ òkúta?"

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un: igun, ọdún, ọkà, wáìnì, òróró, owó fàdákà. Bí mo ṣe ń kà á ni ojú rẹ̀ ń kéré sí i.

"O ti kàwé jù," ló wí.

"Eegun ńkọ́, Bàbá?"

"Lọ́ọ̀jì kì í sin eegun."

"Ẹ bá wa sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá."

"Bí mo bá ní kì í ṣe tiwa, wọn yóò béèrè pé ti ta ni."

"Ẹ mọ ẹni tó ni ín?"

Ó gbé fìlà òyìnbó rẹ̀ láti orí tábìlì, ó fi apá ẹ̀wù nù ún, ó gbé e padà síbi tó wà.

"Bàbá, wọ́n ń sọ òkò sórí ilé ọkùnrin kan. Ìyàwó rẹ̀ ti ń di ẹrù."

"Mo gbọ́. Ó dùn mí." Ó yí ojú sí fèrèsé. "Tíṣà, ohun tí ènìyàn ti ń ṣe bí ẹni pé òun kò rí láti kékeré, kò rọrùn kí ó dìde lójijì kí ó ní òun rí i."

Mo jáde. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kàwé nípa àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, ìbúra wọn àti idà wọn ni mo rò pé ó yẹ kí ó bà mí lẹ́rù. N kò ronú kàn án rí pé èmi yóò jókòó síwájú bàbá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan, tó ń ka Bíbélì fún ìjọ, tó mọ ọ̀rọ̀ tó lè gba ìdílé kan sílẹ̀, tí yóò sì máa nu fìlà.

Ìyá onílé mi ń gé àlùbọ́sà nígbà tí mo délé. Mo ròyìn fún un, mo ń bínú, ó sì ń gé àlùbọ́sà lọ títí mo fi dé orí abọ́.

"Abọ́ tó rí báwo?"

"Funfun, etí rẹ̀ ní ilà búlúù. Ó jọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ là á ni, ojú ibi tó là gún."

Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá àga lẹ́yìn, ó jókòó.

"Abọ́ ìyá mi nìyẹn," ló wí.

Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí. Bí ẹnìkan bá kú láàárín àwọn Akú, ìdílé rẹ̀ á péjọ, wọ́n á se oúnjẹ, wọ́n á gbẹ́ ihò sínú àgbàlá, wọ́n á bù nínú gbogbo ohun tí wọ́n sè sínú rẹ̀ fún òkú, wọ́n á da omi sí i. Àwùjọ ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tiwa gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí onígbáméjì pa ní Half Die, ẹnikẹ́ni kò wẹ̀ wọ́n, ẹnikẹ́ni kò ṣe àwùjọ fún wọn. Wọ́n kó wọn sí ilẹ̀ etí odò náà ni. Òbí ìyá rẹ̀ méjèèjì wà lára wọn.

"Nígbà tó pẹ́," ló wí, "àwọn ọkùnrin lọ́ọ̀jì ní àwọn fẹ́ gbé ọ̀wọ̀n lé wọn lórí. Àwọn ìyá wa ní kò burú, ṣùgbọ́n kí àwọn òkú jẹun ná kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àwọn ọkùnrin ní rárá o, àwọn òyìnbó ńlá ń bọ̀ wá wo ọkà àti wáìnì, ẹ má wá fi àkàrà dójú tì wá. Ni àwọn ìyá wa bá dìde láàárọ̀ kùtù, wọ́n gbẹ́ ihò síbi tí wọ́n ti sàmì sí fún òkúta. Wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n bọ́ òkú wọn, wọ́n ju owó ẹyọ sí i, wọ́n fọ́ abọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni má tún fi jẹun, wọ́n fi iyanrìn bò ó. Bàbá mi ló da símẹ́ńtì lé e. Ilẹ̀ yẹn rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò béèrè."

"Ẹ̀gbọ́n yín sì mọ̀?"

"Ìyá kan náà ló bí wa."

Mo ti wọn òkúta yẹn títí, mo ti fi ìka tọ gbogbo ojú rẹ̀, mo ti ń fi ẹnu halẹ̀ káàkiri pé mo mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá onílé mi kò lọ bá ọlọ́pàá. Ó lọ sí ilé-ìdáná. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí oòrùn ti mú, òun àti àwọn obìnrin ilé Akú bíi mẹ́fà gbé ìkòkò rù, wọ́n rìn gba àárín ìlú lọ sí Half Die, àwọn ènìyàn sì ń tẹ̀lé wọn. Mo ti lọ pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wá. Ìyá náà ká tápólì kúrò kí ọlọ́pàá tó dá a dúró, ó mú abọ́ náà, ó pa apá méjèèjì pọ̀. Ó ṣe rẹ́gí. Ó wá ròyìn fún èrò bí àwọn ìyá wọn ṣe bọ́ òkú níbẹ̀.

"Ta ló ní ọmọ ló wà níhìn-ín?"

Wọ́n ti ọ̀dọ́mọkùnrin alátáyà síwájú.

"Ìwọ? Ìyá ìyá rẹ ló din àkàrà ọjọ́ náà. Ìyá mi ní epo pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wá ibi tí yóò fojú sí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá káńsù, tí ọlọ́pàá ti lọ pè wá, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin arúgbó kan nìyẹn, ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Ibẹ̀ ni àwọn tó wà lẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tọ̀. Bàbá olórí lọ́ọ̀jì ló ń bọ̀, nínú kóòtù dúdú rẹ̀, kò wọ ìbọ̀wọ́. Ó rìn dé etí ihò, ó sì ṣí fìlà.

"Abọ́ ìyá wa ni," ló wí. "Lọ́ọ̀jì ló gbé òkúta. Àwọn ìyá wa ló gbé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. A mọ̀, a sì dákẹ́. Ọkùnrin yìí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ o," ni àbúrò rẹ̀ wí.

Ọ̀gá káńsù mi orí, ó ní kí iṣẹ́ máa lọ. Mo rò pé ó ti parí. Àwọn obìnrin ní kò parí. Wọn kò ní jẹ́ kí ọ̀wọ̀n náà lọ jókòó lórí ilẹ̀ tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò tuntun síbi tuntun, wọ́n bu àkàrà àti ẹ̀wà àti ẹran sínú rẹ̀, wọ́n da omi sí i, wọ́n sì yíjú sí bíríkìlà. Òkúta gbọ́dọ̀ bọ́ sórí rẹ̀ kí oúnjẹ tó tutù.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò mira. Ó ń wo èéfín tó ń rú láti inú ilẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí pé èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀: ọkùnrin tí kì í fi ìrun ṣeré, wọ́n ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo oúnjẹ òkú.

"Bí o ò bá lè ṣe é, sọ," ni obìnrin kan wí. "A ó wá ẹlòmíràn."

"Ṣé èmi ni kí n bọ́ wọn?"

"Ta ló ní kí o bọ́ wọn?" ni ìyá onílé mi dáhùn. "Ṣé o mọ orúkọ wọn ni? A ti bọ́ wọn tán."

"Ṣé mo máa jẹ nínú rẹ̀?"

"Tí ebi bá ń pa ọ́, inú ìkòkò yẹn ni tàwọn alààyè wà."

Ètè ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń mì, bóyá àdúrà ni, n kò béèrè. Lẹ́yìn náà ló ká apá ẹ̀wù sókè.

"Ti yín ni ilẹ̀," ló wí. "Tèmi ni kí òkúta gún."

Ó ké sí àwọn lébìrà, tí wọ́n ti yọ́ padà wá dúró láàárín èrò. Wọ́n gbé òkúta náà, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, àmì lọ́ọ̀jì kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Mo fi kọ́ńpáàsì mi tó ń tọ́ka sí àríwá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé igi ìwọ̀n tó ní omi nínú lé e lórí, ó fi òòlù kan igun kan, ó tún wò ó, ó fi kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá onílé mi bu àkàrà sínú abọ́ mìíràn, ó gbé e fún un. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, símẹ́ńtì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin alátáyà rìn sún mọ́ ọn, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá iyanrìn.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ògiri ilé wa ti sán lápá odò. Ìyá mi ní kí n bi yín bóyá ẹ lè bá wa wò ó."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ní mo gbé orí ọmọ?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n ògiri náà sán."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu epo kúrò lẹ́nu. Ó wo òkúta, ó wo àwọn ìyókù tí nọ́ńbà ẹfun wà lára wọn, tí wọn kò tíì tò.

"Bí mo bá tò wọ̀nyí tán, mo ń bọ̀," ló wí. "N kò lọ síbì kankan."